Ṣé kí n lọ sí ìpàtẹ ọjà orin kí n tó fi iṣẹ́ akọ̀wé owó sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé owó ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta, ó sì ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Orin ni ọkàn mi wà. N kì í ṣe olórin, ohùn mi kò ju ti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi wà láàárín àwọn olórin. Ìpàtẹ ọjà orin kan ń bọ̀ ní Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta. Owó ìwọlé, owó ọkọ̀ àti owó òtẹ́ẹ̀lì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mi kan, mo sì ń rò ó pé kí n yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ọkọ mi ní àwọn tó ń ta gìtá ni yóò wà níbẹ̀, pé kí ni akọ̀wé owó ń wá lọ. Ṣé kí n lọ? Bí mo bá lọ, kí ni kí n ṣe níbẹ̀? Ṣé kí n sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó lọ, kí àwọn tí mo bá pàdé lè mọ̀ pé mo ti ṣe tán?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin, ẹ lọ sí ìpàtẹ náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni kí ẹ lò níbẹ̀, ẹ má yá kọ́bọ̀ nítorí rẹ̀, ẹ má sì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kankan kí ẹ tó lọ tàbí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tí ọkọ yín sọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìpàtẹ tí wọ́n bá pè ní ti orin ni ó wúlò fún irú ẹni tí ẹ jẹ́.

Irú ìpàtẹ méjì ni ó wà. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó ń ta ohun èlò: gìtá, dùùrù, ìlù òyìnbó, makirofóònù, sípíkà ńláńlá, míkísà, iná orí ìtàgé. Èyí tí ayé mọ̀ jù nínú irú rẹ̀ ni NAMM, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ohun èlò orin ní Amẹ́ríkà ń ṣe ní Anaheim, ní ìpínlẹ̀ California. Ọdún 1901 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe ohun èlò àti àwọn tó ń rà á tà ni wọ́n sì ń pàtẹ fún. Irú kejì kì í pàtẹ ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Orin fúnra rẹ̀ ni ọjà ibẹ̀: ta ni ó ni ín, ta ni ó lè gbé e jáde ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ta ni ó fẹ́ fi í sínú fíìmù, olórin wo ni a lè pè wá ṣeré níbi àjọ̀dún. MIDEM, tó bẹ̀rẹ̀ ní Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1967, wà lára àwọn tó sọ irú ọjà yìí di ńlá. WOMEX bẹ̀rẹ̀ ní Berlin ní 1994, ó sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, Atlantic Music Expo bẹ̀rẹ̀ ní Praia ní Cape Verde ní ọdún 2013, àjọ Music In Africa sì ń gbé tirẹ̀, tó ń jẹ́ ACCES, kiri: Dakar ni wọ́n ti ṣe é ní 2017, Nairobi ní 2018, Accra ní 2019.

Ní ti èyí tó ń bọ̀ ní Èkó yìí, ẹ wá orúkọ àwọn tó gba ìsọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì kà á tán kí ẹ tó san owó. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo wọn tán ni wọ́n ń ta sípíkà, ọkọ yín borí nìyẹn, kí ẹ jókòó sílé, nítorí ẹni tó fẹ́ mọ iye tí sípíkà jẹ́ kò nílò ju kó lọ sí Alábà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó rọ́yátì, ìyẹn owó ẹ̀tọ́ tó yẹ kí wọ́n san bí wọ́n bá lo orin, fún àwọn tó ń kọ orin, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde àti àwọn máníjà, a jẹ́ pé àwọn tí ẹ ní ohun tí ẹ lè tà fún wà níbẹ̀. Àwọn ìpàtẹ mìíràn a máa da méjèèjì pọ̀, ìyẹn kò sì burú. Ẹ sáà mọ apá ibi tí ẹ ń lọ nínú gbọ̀ngàn náà.

Mo sọ pé ẹ ní ohun tí ẹ lè tà. Ìwé yín kún fún ohun tí ẹ fẹ́ rí gbà nínú iṣẹ́ orin, kò sì sí ìlà kan tó sọ ohun tí ẹ mú lọ́wọ́. Ẹ pe ara yín ní akọ̀wé owó bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn olórin ṣètò iṣẹ́ wọn ní ìlú yìí, ohun tí mo sì rí ni pé ẹni tó lè kọrin pọ̀, ẹni tó lè fi kọ̀ǹpútà ṣe orin kún ìgboro láti Làfẹ́nwá dé Àdátán, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní máníjà sì lè máà kéré sí iye àwọn olórin. Ẹni tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí a lè gbé ìwé owó lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé, tí yóò sì sọ fún wa ní ọjọ́ Ẹtì pé owó báyìí ni ó wọlé, owó báyìí ni ó yẹ kó wọlé, ibi báyìí ni ìyókù há sí. Ìpàtẹ ọjà ni ibi tí ẹ ti lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yóò fi owó ra iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi ní kí ẹ lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìwé owó náà ṣe rí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ara yín gbà á. Orin kan ṣoṣo ní ẹ̀tọ́ méjì nínú. Ẹ̀tọ́ kan wà lórí orin tí a kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti bí a ṣe ń dá a. Ẹ̀tọ́ kejì wà lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹni tó ni ti àkọ́kọ́ lè má jẹ́ ẹni tó ni èkejì, owó wọn kì í sì í gba ojú ọ̀nà kan náà wá. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní ISRC, àmì méjìlá ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n sì dà pọ̀ nínú rẹ̀. Orin tí a kọ ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ ISWC. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ orin náà lórí Boomplay, Spotify tàbí Apple Music, àwọn pẹpẹ ìgbọ́rin wọ̀nyí á jábọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó bá olórin pín in, ilé-iṣẹ́ náà á sì kó àbọ̀ gbogbo wọn jọ sínú fáìlì kan tó rí bíi Excel tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún orin kan, ní orílẹ̀-èdè kan, lórí pẹpẹ kan, fún oṣù kan. Orin mẹ́wàá lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, owó ìlà mìíràn lè má tó kọ́bọ̀ kan, kí àpapọ̀ wọn sì jẹ́ owó gidi. Owó náà kì í sì í hàn lójú ẹsẹ̀: orin tí wọ́n gbọ́ ní oṣù kan, ó lè di oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà kí owó rẹ̀ tó jáde nínú àbọ̀.

Níbi irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí máníjà ọ̀dọ́ kan tó dúró níwájú ìsọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń pín orin, tó ṣí fáìlì yìí lórí fóònù. Ó ń fi àtàǹpàkò fa ojú ìwé náà sísàlẹ̀, ó ń fà á, ó ń fà á, kò dé ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní ìsọ̀ náà bi í pé kí ni ó ń wá. Ó ní àpapọ̀ ni òun ń wá. Ọmọbìnrin náà ní kò sí àpapọ̀ níbẹ̀, pé ẹni tó bá gba fáìlì ni yóò ro ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka tọ́ka sí àkọlé òpó kan nínú fáìlì náà, ó sì sọ fún un pé dọ́là ni gbogbo owó tó wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí máníjà náà ti ń kà á, ó rò pé náírà ni. Olórin rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, kò sọ nǹkan kan.

Àṣìṣe tí ẹ ó máa bá pàdé jù ni ti ìpín. Ènìyàn mẹ́ta lè jọ kọ orin kan ní òru ọjọ́ kan, kí wọ́n pín in lẹ́nu, kí ọ̀kan ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni tòun, kí èkejì ní 40 ni tòun náà, kí ẹni tó ṣe ohùn orin ní òun gba 30. Àpapọ̀ rẹ̀ di 110. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wà bẹ́ẹ̀, owó orin náà lè há sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbà á, nítorí wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò san án fún. Akọ̀wé owó tó bá pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, tó kọ ìpín sílẹ̀, tó sì mú kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé kí orin tó jáde, ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjà ọdún pípẹ́.

Ti owó àsansílẹ̀ ló tẹ̀lé e. Ká ní olórin kan gba mílíọ̀nù márùn-ún náírà ṣáájú lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, tí àdéhùn wọn sì jẹ́ kí wọ́n pín owó tó bá wọlé sí méjì dọ́gba. Orin náà pa mílíọ̀nù mẹ́jọ. Olórin ń retí mílíọ̀nù mẹ́rin, ó ti ń wo mọ́tò. Kò ní rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí pé inú mílíọ̀nù mẹ́rin tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa yọ owó tó ti gbà ṣáájú, mílíọ̀nù kan yóò sì ṣì ṣẹ́kù lọ́rùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní tiwọn ti mú mílíọ̀nù mẹ́rin tiwọn lọ. Bí àdéhùn bá tún ní kí wọ́n yọ owó fídíò àti owó ìpolówó níbẹ̀ kan náà, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìṣirò ń lọ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò máa pe ara wọn lólè, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó jalè, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tó bá olórin ṣe ìṣirò yìí lọ́jọ́ tó ń tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣàlàyé fún àwọn òbí ìdí tí owó ilé-ìwé tí wọ́n san ní ẹ̀ẹ̀mẹta fi tún ku díẹ̀, n kò rò pé ìyẹn yóò le fún yín.

Abẹ́òkúta kì í ṣe àjèjì sí ọjà yìí. Ní ọdún 1922 ni Canon J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà ọmọ Ẹ̀gbá, bàbá tó bí bàbá Fela, gba orin Yorùbá sílẹ̀ sínú àwo ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ohùn ọmọ ìlú yìí ti wà lórí àtẹ. Ẹ tún wo Àyìnlá Ọmọwúrà ti Ìtókò, ọ̀gá àpàlà, tó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1980. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé ẹ̀tọ́ lórí orin tí ènìyàn kọ yóò wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú, nígbà tí ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ àádọ́ta ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí àwo náà kọ́kọ́ jáde. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àwo tó bá jáde ní 1973, ẹ̀tọ́ orí ohùn inú rẹ̀ ti parí ní òpin 2023, ṣùgbọ́n orin tí Àyìnlá kọ sínú rẹ̀ ṣì ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ títí di òpin 2050. Àwo kan náà, ẹ̀tọ́ kan ti kú, èkejì ṣì wà láàyè. Ìdílé mélòó ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni bàbá wọn gba orin sílẹ̀ tí wọn kò mọ èyí? Ní èrò tèmi, iṣẹ́ tó wà nídìí ìwé àwọn olórin àtijọ́ yìí lè dára fún yín ju ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá òkìkí lọ, nítorí kò sí ariwo níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń du ú.

Nítorí náà, kí ọjọ́ ìpàtẹ tó dé, ẹ wá ẹnì kan tàbí méjì ní Abẹ́òkúta tí ẹ ó máa bá ṣe ìwé owó lẹ́yìn iṣẹ́ àti ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ gba owó lórí rẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í kó ìwé rẹ̀ wá lásìkò. Mo kìlọ̀ fún yín pé àwọn olórí ẹgbẹ́ fújì àti jùjú kì í sábà fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tó wọlé, pàápàá àwọn ọmọ tó ń lù fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olórin ẹ̀mí tàbí ẹni tó ni sítúdíò kékeré. Wọ́n máa ń ṣí ìwé jù.

Bí olórí ẹgbẹ́ kan bá sì gbà yín láyè, ẹ ó kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Owó òde àríyá ọjọ́ Àbámẹ́ta kan pín sí méjì: èyí tí olóde san sílẹ̀, àti èyí tí àwọn àlejò ná lé olórin lórí, tí ọmọ kan ń ṣa sínú àpò. Inú àpò yẹn ni owó àwọn onílù, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó ẹni tó yá wọn ní sípíkà àti owó ọkọ̀ ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka náwó náwó yìí sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000 sì wà nínú rẹ̀, tàbí méjèèjì papọ̀. Òfin náà sùn fún ìgbà pípẹ́, àfi ní 2024 tí EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ènìyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, tí àwọn kan sì ti lọ sẹ́wọ̀n. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé àpò ni ó gbójú lé ní láti tún bó ṣe ń dá iye lé òde ṣe, kò sì sí bí ó ṣe lè ṣe é bí kò bá mọ ohun tí òde kan ń ná an. Ẹ bá ẹnì kan ṣe ìṣirò yẹn fún oṣù méjì. Ẹ ó ti ní ẹnu ọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé Èkó.

Bí ọjọ́ bá pé, ẹ lọ ní ọjọ́ kejì. Òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ti àwọn ẹni ńlá: wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìṣíde, wọ́n ń ya fọ́tò, ojú àwọn oní-ìsọ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọ̀gá á ti lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù yóò máa ká wáyà jọ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àwọn tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún yín.

Kí ni ẹ ó sọ? Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ràn orin. Gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ ni ẹ ń wá. Ẹ sọ pé, "Ẹ kú ìpàtẹ o. Mo ń bá olórin ẹ̀mí kan àti sítúdíò kan ṣe ìwé owó ní Abẹ́òkúta. Ta ni ó ń bá yín ka àbọ̀ owó fún àwọn olórin yín?" Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ máa wo ojú ẹni náà. Bí ó bá ní àwọn ní ẹni tó ń ṣe é, ẹ béèrè ibi tí ẹni náà ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀yin náà lè gbà nìyẹn. Bí ó bá ní kò sí wàhálà níbẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá mí kanlẹ̀, tó ní òun fúnra òun ni òun ń ṣe é lóru lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn, ẹ fa àga, kí ẹ jókòó, oníbàárà yín nìyẹn. Irú èsì kẹta yìí ni ẹ wá lọ sí Èkó, bí ẹ bá sì rí ẹni mẹ́ta tó fún yín ní irú rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ọjọ́ náà ti san owó ara rẹ̀.

Ẹ tẹ káàdì pélébé tó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìlà kan tó sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹ má kọ oyè kankan sí i. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹni náà sọ sí ẹ̀yìn káàdì tirẹ̀, nítorí tí ẹ bá ti bá ènìyàn mẹ́wàá sọ̀rọ̀, ẹ kò ní mọ ẹni tó sọ èwo mọ́. Láàárín ọjọ́ méjì tí ẹ bá dé, ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, tó dá lórí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ gan-an. Bí ìjókòó ẹ̀kọ́ kan bá wà lórí gbígba owó rọ́yátì, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má sì dúró wo eré alẹ́.

Ohun kan wà tí kò sí ẹni tí yóò sọ fún yín níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá gbọ́ pé obìnrin tó ń gba owó oṣù ni yín, tí ẹ sì mọ owó ṣírò, ọ̀pọ̀ wọn yóò rí olówó tí yóò gbé wọn jáde. Wọn yóò fi orin sí yín létí, yóò dùn, wọn yóò sì ní kí ẹ kàn fi díẹ̀ sí i. Ẹ dáhùn pé ìwé owó ni iṣẹ́ yín, kí ẹ fi ẹ̀rín sí i, kí ẹ má sì ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá san owó kí wọ́n lè fún yín ní àmì ẹ̀yẹ, tàbí kí ẹ ra fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó gbà yín síṣẹ́, ẹ yẹra fún un.

Ní ti owó, ẹ fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ fún ohun tó lè dá owó padà kí oṣù ìsanwó tó pé. Ìpàtẹ ọjà kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ lè tó ọdún kan kó tó so èso, àwọn tó dúró fún yín kò sì ní dúró de ọdún kan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta ìwé ìwọlé gbọ̀ngàn ìpàtẹ lọ́tọ̀ sí ti àpérò, torí ti àpérò ló sábà máa ń wọ́n. Bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ kan, kò sí òtẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin ń gbéra ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta lọ sí ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ẹ sáà wo àkókò rẹ̀ ṣáájú, pàápàá ti àbọ̀. Bí àkókò rẹ̀ kò bá bá tiyín mu, kí ẹ tètè wọkọ̀ ní Kútọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Kò ní wú àwọn tí ẹ bá pàdé lórí pé ẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọn yóò rí ni ẹni tí ebi lè mú gba iye tí wọ́n bá pè. Owó oṣù yín ni yóò jẹ́ kí ẹ lè kọ iṣẹ́ tí kò dára. Èmi kò ní ronú àtikúrò títí di ìgbà tí owó tó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn olórin bá tó ìdajì owó oṣù yín fún oṣù mẹ́fà léraléra, oṣù mẹ́fà náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó parí sí Kérésìmesì. Oṣù Ọ̀pẹ kún fún òde, gbogbo olórin ló ní owó lọ́wọ́ nígbà náà. Inú ààwẹ̀ Ramadan àti ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni ẹ ti máa mọ bí ìdíwọ̀n náà ṣe rí, nígbà tí òde àríyá bá wọ́n, tí àwọn oníbàárà yín á sì máa ní kí ẹ ní sùúrù.

Bí ó bá jẹ́ pé àárín ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ kejì ìpàtẹ bọ́ sí, ẹ gba ọjọ́ kan nínú ìsinmi ọdún yín, ẹ má sọ fún ọ̀gá yín pé ara yín kò yá. Abẹ́òkúta kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá rí yín nínú ọkọ̀ ojú irin lè ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ yín. Kí ẹ sì tó gba owó àkọ́kọ́ lọ́wọ́ olórin kankan, ẹ wá ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín jáde, kí ẹ kà á bóyá ó gbà yín láyè láti ṣe iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn ti ilé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá gbà yín láyè, ẹ lọ bá ọ̀gá yín sọ ọ́, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.